Orúkọ Tí Ìyàwó Kò Lè Kọ

Ẹni tí kò bá ṣe ìyàwó ilé rí ní Manigri kò lè mọ iṣẹ́ tó wà nínú orúkọ. Ọkùnrin á jí láàárọ̀, á pe ẹni tó bá wù ú bó ṣe wù ú, á sì lọ sóko rẹ̀. Ìyàwó kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti bí sínú ilé ọkọ kí òun tó wọ ibẹ̀, ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún un, títí kan ọmọ ọwọ́ tó ṣì ń rákò. Kò gbọdọ̀ dárúkọ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ mìíràn fún wọn, orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ bá olúkúlùkù mu, nítorí bí kò bá bá a mu, wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ìyàwó náà yóò fi hu ewú.

Nígbà tí Habibatou dé láti Pénéssoulou, ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tó fi sọ gbogbo ilé lórúkọ tán. Raïhanatou, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń ránṣọ, tí ojú rẹ̀ tóbi tó sì mọ́ gaara, di Eléyinjú-ẹgẹ́. Àbúrò ọkọ kan tí oorun rẹ̀ le, tí wọ́n lè gbá ilẹ̀ yí i ká tán kó má mọ̀, di Baálẹ̀ Orí Ẹní. Ọmọdé kan tí kì í jìnnà sí ìdí ààrò di Ajẹ́lẹ̀ Ìkòkò. Kò sẹ́ni tó bínú. Baálẹ̀ Orí Ẹní gan-an ti fi orúkọ náà han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń retí kí wọ́n máa kí òun bíi baálẹ̀.

Bàbá tó ni ilé nìkan ni kò gba orúkọ kankan. Bàbá ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Bàbá ni, bí ilẹ̀ bá ṣú, Bàbá ni. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò fẹ́ ọmọ rẹ̀, nítorí náà ẹnu mi gbà á: Lassissi ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu Habibatou o.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ rédíò. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, wọ́n máa ń ṣe eré kan lórí rédíò ní Bassila, Ìlú Ẹ̀yìn Òkè ni wọ́n ń pè é. Ìlú náà kò sí níbì kankan láyé. Níbẹ̀, ewúrẹ́ ni adájọ́. Odò ibẹ̀ kì í ṣàn àfi bí èèyàn bá kọ́kọ́ kí i. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta oorun ní igbá-igbá, àwọn ìyá ọmọ tuntun ló sì ń kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jù. Láti Manigri títí dé Doguè, ìjà tí àwọn èèyàn ń jà lórí ìlú tí kò sí yìí pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń jà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń ro lọ.

Al-Amin tó ń tún fóònù ṣe ní Bassila ló dá wíkì eré náà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní wíkì kò le: ibi kan ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn eré náà lè wọ̀ kó kọ ohun tó mọ̀ síbẹ̀. Olúkúlùkù èèyàn inú eré ló ní àyọkà tirẹ̀, odò ní tirẹ̀, igbá oorun ní tirẹ̀. Kíkọ àyọkà kì í dá ìjà sílẹ̀. Àkọlé ló ń fa wàhálà. Ewúrẹ́ adájọ́ nìkan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orúkọ pa á. Ẹnì kan kọ Ewúrẹ́. Ẹnì kan kọ Olúwa Mi Adájọ́. Husseini ará Doguè, tí kì í fi ohunkóhun ṣeré, kọ Ẹran Ọ̀sìn Tó Ń Dájọ́ Nílé Ẹjọ́ Ìlú Ẹ̀yìn Òkè. Orúkọ yẹn gùn ju okùn tí wọ́n fi so ewúrẹ́ náà mọ́lẹ̀ lọ.

Raïhanatou ló sọ fún wọn pé ìyàwó kan wà nílé àwọn tó mọ orúkọ í sọ. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ síwájú Habibatou. Ó bi wọ́n léèrè pé, "Bí ẹjọ́ bá le, tí àwọn ará ìlú yẹn bá fẹ́ bẹ adájọ́, kí ni wọ́n máa ń pè é?" Wọ́n ní Oníwo ni. Ó ní, "Ẹ ti dáhùn ara yín. Oníwo ni àkọlé."

Ìjà parí. Wọ́n wá sọ ọ́ di òfin: orúkọ tí àwọn ará inú eré bá ń pe èèyàn, òun ni yóò jẹ́ àkọlé àyọkà rẹ̀. Wọ́n fi Habibatou jẹ Ìyá Àkọlé. Oyè yẹn dùn mọ́ ọn ju bó ṣe lè sọ lọ. Nílé, iyán ló ń gún, kajú ló ń ṣà, ẹlòmíràn ló sì ń sọ ìgbà tí wọ́n máa gún un àti ìgbà tí wọ́n máa ṣà á. Lórí wíkì, òun ni wọ́n ń dúró dè. Àwọn géńdé ọkùnrin ní Bassila á kọ̀wé sí i pé, "Ìyá Àkọlé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká pe èyí?" Òun á sì jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀, kí ó tó dáhùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí, àlejò tuntun wọ inú eré. Gbogbo ilé jókòó yí rédíò ká, Habibatou ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ ohùn ọkùnrin kan létí oko olóko. Ó ń pe iṣu lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ. Iṣu ń jẹ́ ẹ. Wọ́n ń gbọn erùpẹ̀ ara wọn dànù, wọ́n ń jáde látinú ebè, wọ́n sì tò tẹ̀lé e lọ sílé bí ọmọ adìyẹ. Olè ni, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n olè tó ní ìwà ni. Kó tó kó iṣu olóko, á kọ́kọ́ kí olóko kú iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ nínú eré, arúgbó kan tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, yọ orí lójú fèrèsé, ó ké pè é: "Lassissi! Lassissi Apeṣu! Dá iṣu oníṣu padà!"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Habibatou. Gbogbo ilé ń wo ojú Bàbá. Bàbá ń wo rédíò. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi yẹ̀ lórí rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sókè sí i.

Àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín. Habibatou kò rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, àgbàlagbà ló ń fi ẹ̀rín gbé ìwọ̀sí mì. Àti pé nǹkan mìíràn ti gbà á lọ́kàn: kò ní pẹ́ tí wọn yóò béèrè àkọlé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Lamatou, ìyálé ilé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, níbi tó ti ń fẹ́ná. Ó ṣàlàyé ohun tó wà nílẹ̀ fún un. Lamatou kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Ọmọ ìyá mi kan wà ní Doguè tó ń jẹ́ orúkọ yẹn," ni Lamatou wí. "Àtìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, Ọmọ Ìyá Mi ni mò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ rò pé mo ti gbàgbé orúkọ ọkọ òun."

"Ṣùgbọ́n èmi ò ní fẹnu pè é, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ ni mo máa fi kọ ọ́."

"Ta ló ni ọwọ́?"

"Èmi ni."

"Ta ló ni ẹnu?"

Ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Habibatou gbé fóònù, ó sì kọ Bàbá Apeṣu sí orí àyọkà náà. Lẹ́yìn èyí, ó wọ inú àyọkà, gbogbo ibi tí ẹlòmíràn bá ti dárúkọ ọkùnrin náà, ó pa á rẹ́, ó fi Bàbá Apeṣu dípò rẹ̀. Ó ṣa orúkọ náà kúrò bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Al-Amin rí i, ó yí i padà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Habibatou ti tún dá Bàbá Apeṣu padà. Al-Amin tún yí i. Habibatou fi ọmọ odó sílẹ̀ nínú odó, ó lọ tún un yí. Al-Amin wá kọ̀wé sí i lójú gbogbo ẹgbẹ́.

"Ìyá Àkọlé, òfin rẹ dà? Ìyá tó bí ọkùnrin náà ló pè é lórúkọ, gbogbo wa la gbọ́."

"Bàbá Apeṣu bá a mu jù," ni Habibatou dá a lóhùn.

"Ta ló pè é bẹ́ẹ̀ nínú eré?"

"Wọn ò ní pẹ́ pè é."

Husseini náà kò dákẹ́. Ó dábàá Ọkùnrin Tó Ń Fi Ohùn Ẹnu Kó Iṣu Oníṣu Lọ Sílé Ara Rẹ̀. Nígbà tí Habibatou ka ìyẹn, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ ó ní, kí ló wá dé tí kò sọ òótọ́ fún wọn? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Tó bá lè la ẹnu wí pé orúkọ bàbá ọkọ òun ni, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ so olè inú rédíò mọ́ àgbàlagbà lọ́rùn nìyẹn. Ẹnu àwọn ọ̀dọ́ Bassila kò ní ìdérí. Kó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹnì kan á ti kí Bàbá ní mọ́sáláṣí pé, "Apeṣu, ẹ káàárọ̀." Ta ni kò ní gbọ́ pé ìyàwó ilé ló fà á? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Al-Amin sì fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ránṣẹ́: bí yóò bá fi di ọjọ́ ọjà tí Ìyá Àkọlé kò tíì tẹ̀lé òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, Husseini ni yóò gba oyè náà.

Gbogbo ọjọ́ yẹn, iyán rẹ̀ ní kókó. Kò sẹ́ni tó bá a wí, èyí tó tún dùn ún ju kí wọ́n bá a wí lọ.

Ìrọ̀lẹ́ tí ọjà ku ọ̀la, Bàbá jókòó sábẹ́ igi kajú tó wà lẹ́yìn ilé, ó pe Raïhanatou.

"Ibi tí ẹ ti ń kọ nípa eré yẹn, inú fóònù, bá mi wá orúkọ mi níbẹ̀."

Habibatou wà nítòsí, ó ń ká aṣọ. Ó dúró gbári. Raïhanatou wò ó fìrí. Ó mọ ibi tí àyọkà náà wà, ó sì mọ ẹni tó fi orúkọ mìíràn bò ó. Síbẹ̀ ohun tí bàbá rẹ̀ ní kó tẹ̀ ló tẹ̀.

"Kò mú nǹkan kan wá, Bàbá."

"Tún un tẹ̀."

"Kò sí."

"Ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ wà."

"Obìnrin tó ń ta oorun?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Odò?"

"Odò náà wà."

Bàbá ṣí fìlà, ó fi nu ojú, ó tún dé e padà. "Ó dáa," ni ó wí. "Ewúrẹ́ wà. Odò tí kò lẹ́nu wà. Lassissi nìkan ni wọn ò rí kọ. Ta ló ń ṣe àkóso rẹ̀?"

Ọmọ dáadáa ni Raïhanatou. Ó ní, "Al-Amin ni, Bàbá. Ní Bassila."

"Ọ̀la ni ọjà. Ìyàwó, ṣé o ń lọ? A jọ ń lọ nìyẹn."

Ẹ̀rù tó bá Habibatou, kì í ṣe kékeré. Ó ti rò pé òun ń bo àgbàlagbà láṣìírí. Àṣé ẹni tó ń bò yẹn ti ń wá ara rẹ̀ kiri, kò rí. Bí ó bá gbọ́ pé ìyàwó tí òun fi ọwọ́ ara òun gbà wọlé ló ń pa orúkọ òun rẹ́, kí ni yóò rò? Yóò rò pé ojú òun ń ti ọmọ náà ni.

Láàárọ̀, ó gbìyànjú. Ó ní ẹsẹ̀ Bàbá ńkọ́. Bàbá ní ẹsẹ̀ òun wà níbi tó máa ń wà. Ó ní oòrùn yóò mú. Bàbá ní oòrùn yẹn ti ń mú òun kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Wọ́n wọ tàsí, wọ́n fún wọn mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú obìnrin kan tó gbé igbá wàgáṣì, wàrà àwọn Fúlàní, lé itan. Bàbá ń kí gbogbo èrò inú ọkọ̀ tayọ̀tayọ̀. Habibatou ń wo igi ẹ̀bá ọ̀nà tó ń sáré lọ sẹ́yìn, ó ń bẹ Ọlọ́run kí táyà jò. Táyà kò jò.

Wọ́n bá Al-Amin ní ìsọ̀ rẹ̀ nítòsí ibùdókọ̀, ó ti tú fóònù kan sílẹ̀ sórí tábìlì. Nígbà tó rí àgbàlagbà, ó fò dìde, ó tẹrí ba. Bàbá kí i dáadáa. Ó béèrè bàbá rẹ̀, ó béèrè ìyá rẹ̀, ó béèrè iṣẹ́. Nígbà tí ìkíni tán, ó ní:

"Ọmọ mi, kí ni Lassissi ṣe fún ọ?"

"Lassissi wo, Bàbá?"

"Èyí tó ń pe iṣu. Ẹ kọ ti ewúrẹ́, ẹ ò kọ tirẹ̀."

Al-Amin wo Habibatou. Habibatou ń wo ilẹ̀. Al-Amin la ẹnu, ó ní, "Bàbá, èmi kọ́ ni..." ó sì tún pa á dé. Ó lè tú àṣírí obìnrin yìí nígbà náà, kò tú u. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Habibatou gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sáàárín wọn.

"Èmi ni, Bàbá. Wọ́n kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Wọ́n tún un kọ, mo tún un pa rẹ́. Kì í ṣe pé mo kórìíra yín. Mi ò lè kọ ọ́ ni."

Al-Amin fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti yé e. Ó wo àgbàlagbà, ó wo ìyàwó, ó rántí gbogbo ohun tó ti kọ sí i lójú ẹgbẹ́. "Ìyá Àkọlé," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Bàbá wá bẹ́ńṣì, ó jókòó. Habibatou ń retí kí ó bínú, ìbá tilẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀, nítorí ìbínú a máa tán. Nígbà tí Bàbá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń bínú sí olè yẹn? Dìde. Ó dáa, jókòó síbẹ̀, bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Ìyá mi ló ń pè mí ní Lassissi. Bàbá mi náà, nígbà tó wà. Lẹ́yìn wọn, ó ku ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Wassiou, ìyàwó mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Wassiou ni mo jẹ́ fún un títí tó fi lọ. Ọjọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ yẹn bá a wọlẹ̀. Ìmáámù ń pè mí ní Bàbá. Obìnrin dókítà tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ń pè mí ní Papa. Ẹ̀yin nílé ń bọ̀wọ̀ fún mi, ẹ ṣeun, mi ò sọ pé kí ẹ má bọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti pè mí. Arúgbó inú rédíò yẹn yọ orí lójú fèrèsé, ó pè mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn."

Omijé ti ń bọ́ lójú Habibatou, kò sì nù ún. Al-Amin mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú fóònù tó ti tú tẹ́lẹ̀.

"Kọ ọ́," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ọwọ́ mi kò..."

"Ta ló ni orúkọ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Mo ti fún ẹ. Kọ ọ́."

Habibatou mú fóònù. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe é títí ó fi tán. Àkọlé yí padà. Al-Amin yọjú wò ó láti ìdí tábìlì, ó ní òfin ti pé, Husseini yóò wá nǹkan mìíràn ṣe.

"Kà á fún mi," ni Bàbá wí. "Ojú mi kò ríran dé ibẹ̀."

Habibatou na fóònù sí Al-Amin. Bàbá mi orí. "Mi ò rán an. Ìwọ ni wọ́n fi jẹ Ìyá Àkọlé."

Habibatou fa ìborùn bo ojú. Ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ kún fún ariwo ọjà, alùpùpù ń kọjá, ẹnì kan ń ná iṣu. Látinú ìborùn, ohùn kékeré kan jáde.

"Lassissi Apeṣu."

Àgbàlagbà náà nà ró lórí bẹ́ńṣì. "Hẹ̀ẹ́n!" ni ó wí, kíákíá, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pè láti ẹ̀yìn ilé. Ojú tì í díẹ̀. Ó wo Al-Amin, ó wo òpópó, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Tún un kà," ni ó wí. "Kò wọ̀ mí létí dáadáa."

Habibatou ṣí ojú. Ó tún un kà, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ, Bàbá sì tún jẹ́ ẹ.